Sakẹ́tẹ́ sí Pobẹ̀: ìnira àti adùn ìrìn iṣẹ́ ojoojúmọ́

Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, gáráàjì Sakẹ́tẹ́ ti jí. Olùkọ́ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sun ilé ìwòsàn mọ́jú, ìyá oníṣòwò gbé agbọ̀n sílẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀, ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba di fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà. Pobẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà náà kò ju bíi ọgbọ̀n kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n àwa tí à ń rìn ín lójoojúmọ́ mọ̀ pé gígùn rẹ̀ kọ́ ló ń rẹni. Ìdúró ló ń rẹni.

Ọkọ̀ wa kì í ní aago. Ìgbà tó bá kún ló ń gbéra: èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn. Awakọ̀ á máa pariwo pé, “Ó ku ẹnì kan!” Ẹni kan náà á dé, ṣùgbọ́n ẹlòmíì á ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra àkàrà. Ẹni tó dé láago mẹ́fà àti ẹni tó dé láago méje, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n á jọ bá lọ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò ní gbọ́ àlàyé yẹn.

Inú máa ń bí wa sí awakọ̀, ṣùgbọ́n ká gba tirẹ̀ rò. Epo tó máa fi gbé èèyàn mẹ́ta dé Pobẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tó máa fi gbé mẹ́fà. Gbogbo ààyè tó ṣófo, àpò rẹ̀ ló ń jẹ. Kí owó tirẹ̀ má baà ṣòfò, àsìkò tiwa ló ń ná.

Owó epo náà kò sì dúró sójú kan. Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ epo inú ìgò tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn kpayo, ti ń wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo ní Èkó kúrò ní bíi náírà 185, ó di 488. Kpayo fò sókè lọ́dọ̀ wa náà, owó ọkọ̀ àti owó zẹ́mì sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Àbújá, inú àpò ará Sakẹ́tẹ́ ló já sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52.000 fàráǹkì. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń san 500 ní àlọ, 500 ní àbọ̀, tó sì ń gun zẹ́mì ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, láti ilé sí gáráàjì, láti gáráàjì sí ibi iṣẹ́, kó tó tún padà. Ó di 1.400 lóòjọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, 30.800 ti lọ sójú ọ̀nà. Ó ku 21.200 fún oúnjẹ, owó ilé àti ọmọ. Owó wẹ́wẹ́ zẹ́mì tí a kì í kà sí nǹkan kan, 8.800 ni òun nìkan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sun Pobẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí wọn kì í rí ọmọ wọn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà kan rí, tiwa kì í ṣe ẹyọ kan. Ìjọba Faransé la ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀, kó lè máa kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ sí etí òkun. Ọkọ̀ ojú irin náà kì í wá mọ́. Èrò sì ń pọ̀ sí i: ní ọdún 2016, ìjọba sọ Pobẹ̀ di olú ìlú ẹ̀ka Plateau, ẹ̀ka tí wọ́n yà kúrò lára Ouémé ní 1999. Ọ̀nà ọ̀dà kan ló ń gbé gbogbo wa báyìí, àwa àti ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Onígbólò.

Àwọn ìnira kéékèèké náà tún wà. Ẹ mú 2.000 jáde láàárọ̀, kò sí ṣẹ́ńjì. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí a fi mọ gbogbo ìjà ilé rẹ̀. Adìyẹ kan ń ṣu sí wa lẹ́sẹ̀. Lọ́yẹ́, eruku á bo aṣọ funfun. Lójò, ẹrẹ̀ á gbà á.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní ká má wọ ọkọ̀ yìí mọ́, nǹkan kan á sọnù. Ìkùukùu àárọ̀ lórí igi ọ̀pẹ tó tò lọ bẹẹrẹ kò ṣeé fowó rà. Ní Ìkpínlè, àwọn ọlọ́sàn á sáré wá sójú fèrèsé, ọsàn tí wọ́n ti bó sílẹ̀, à ń mu ún lọ. Inú ọkọ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó ṣaláìsí. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń mọ iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà kejì kó tó débẹ̀. Bí ìyá ọlọ́mọ bá wọlé, ẹnì kan á gba ọmọ lé ẹsẹ̀, kò ní béèrè ọmọ ta ni. Onízẹ́mì tó mọ̀ wá á sì dúró dè wá ní Pobẹ̀ lọ́jọ́ òjò, bí a kò tilẹ̀ pè é.

Àtinú ìmọra yìí kan náà ni àtúnṣe ti lè wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí èèyàn mẹ́fà tó ń lọ sí Pobẹ̀ bá bá awakọ̀ kan ṣe àdéhùn aago kan, ọkọ̀ ti kún kó tó dé gáráàjì: ààyè kan kò ní ṣófo fún awakọ̀, àárọ̀ wa kò sì ní ṣòfò. Bí wọ́n bá ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìjà ṣẹ́ńjì parí. Ẹni tó ń gun zẹ́mì, kó bi í ní iye kó tó gùn ún. Ẹni tó ń wa tirẹ̀, akoto lórí, òfin ni.

Ẹ̀yin aláṣẹ kọmúùnù Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀, iṣẹ́ tiyín kò ju méjì lọ: òrùlé tí òjò kò ní jò níbi tí èrò ń dúró sí, àti ọkọ̀ kan, ó kéré tán, tí a ó máa mọ aago tó máa gbéra láàárọ̀. Wákàtí kan tí olùkọ́ lò ní gáráàjì, àwọn ọmọ tó jókòó dè é ní kíláàsì ló pàdánù rẹ̀.