Ìgbìmọ̀ Ṣàríà nílẹ̀ Yorùbá: kí ni wọ́n ń bèèrè gan-an, kí ló sì dé tí mo fi gbè wọ́n lẹ́yìn?

Ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kóra jọ sí Gani Fawehinmi Park ní Ọjọ́ta, níbí ní Kòsọ́fẹ́, wọ́n ń pariwo "Yorùbá Nation". Ohun tí wọ́n ń jà fún ni ẹ̀tọ́ tí àwùjọ kan ní láti sọ pé, "Bá a ṣe fẹ́ máa gbé ayé wa rèé." Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, àwọn Mùsùlùmí kan nílẹ̀ Yorùbá bèèrè nǹkan tó kéré sí ìyẹn púpọ̀, ni ariwo bá ta. Nínú dánfó láti Kétu sí Mile 12, ohun tí mo ń gbọ́ ni, "Wọ́n fẹ́ sọ ibí di Zamfara!"

Ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní ìlú Ọ̀yọ́, wọ́n kéde pé àwọn máa fi ìgbìmọ̀ Ṣàríà lọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kìn-ín-ní, 2025. Ariwo pọ̀, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní kí oníkálùkù rìn ní ìlànà òfin, wọ́n sì sún ètò náà síwájú. Ní Èkìtì, níbi tí àwọn Kristẹni ti pọ̀ ju Mùsùlùmí lọ dáadáa, Ẹwì ti Adó-Èkìtì ní kí Lémọ́ọ̀mù àgbà tú èyí tó ti wà níbẹ̀ ká. Kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ náà sọ pé kò sí kóòtù Ṣàríà nínú ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o. Ó ti lé lógún ọdún tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn àti Èkó. Kí òyìnbó tó gba àkóso pàápàá, Tìmì Abíbù Lágunjú ní Ẹdẹ àti Olúwòó Mọ̀mọ́dù Lámúyẹ ní Ìwó ti ń fi Ṣàríà dájọ́ fún àwọn ènìyàn wọn. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ọba sì ni wọ́n.

Ṣé Zamfara ni?

Rárá. Ohun tí Gómìnà Ahmed Sani Yerima kéde ní Zamfara lọ́dún 1999 kan ọ̀rọ̀ ọ̀daràn: olè, àgbèrè, ọtí, ẹgba. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sọ ọ́ di òfin, ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí a ń sọ yìí kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n. Ìyàwó àti ọkọ, ọmọ, ẹ̀bùn àti ogún ni ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ò lọ, kò sẹ́ni tó lè wọ́ ọ lọ.

Òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ gba ohun tó ju èyí lọ láàyè. Abala 275 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà. Abala 277 sì ka irú ẹjọ́ tó lè gbọ́, ọ̀rọ̀ ilé àti ogún ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tó tíì sọ pé òun fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìjọba ò ṣe é, àwọn Mùsùlùmí ní kí àwọn máa bá ara àwọn làjà. Ìyẹn náà bófin mu: láti ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, ni kóòtù tó ga jù lọ ti sọ pé bí ẹni méjì bá fínnúfíndọ̀ gbé aáwọ̀ wọn lọ síwájú àwọn àgbà, tí wọ́n sì gbà pé àwọn máa tẹ̀lé ìdájọ́ náà, ó lè dúró.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12. Nikáhì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe, wọn ò dé kóòtù. Ọkọ kú, ó fi ilé kan sílẹ̀ ní Ìkọ̀sí, kò kọ ìwé ìpíngún.

Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé-àṣẹ ìjọba ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ni, tí wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, kóòtù gíga á mọ̀ ọ́n ní ìyàwó tó ní ẹ̀tọ́ sí ogún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nikáhì nìkan ló ní. Kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, ló sábà máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Láti ẹjọ́ Sogunro-Davies lọ́dún 1929 ni kóòtù ti fi ọwọ́ sí ìyẹn. Àwọn ọmọ ló ń jogún. Bí opó yìí kò bá bímọ, àfi kó máa wo ojú mọ̀lẹ́bí ọkọ.

Ṣàríà ní ti ẹ̀ sọ pé tí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti ìyàwó. Tí kò bá ní ọmọ rárá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á jọ pín in. Òun àti ọkọ rẹ̀ gba òfin yìí gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Kí ló dé tí a ó fi sọ fún un pé òfin tí wọn ò yàn ló máa ṣèdájọ́ ilé rẹ̀?

Mi ò ní fi apá kejì pa mọ́. Ọmọbìnrin ń gba ìdajì ohun tí arákùnrin rẹ̀ gbà nínú Ṣàríà. Nínú àṣà Yorùbá, láti ẹjọ́ Lopez lọ́dún 1924 ni kóòtù ti sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà nínú ilé bàbá wọn. Nítorí náà, obìnrin kan náà lè jèrè gẹ́gẹ́ bí opó, kó sì pàdánù gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìfínnúfíndọ̀ fi ṣe pàtàkì ju gbogbo nǹkan lọ.

Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀

Ní Philippines, ìjọ Àgùdà ló pọ̀ jù. Mùsùlùmí ò ju bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni àwọn Mùsùlùmí gúúsù, tí wọ́n ń pè ní Moro, ti ń jà fún ilẹ̀ tiwọn. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí wọ́n sọ pé ogun náà pa. Ní ọdún 1977, ìjọba fọwọ́ sí òfin ìdílé fún Mùsùlùmí, pẹ̀lú kóòtù Ṣàríà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ogún. Òfin ìdílé nìkan kò pa iná ogun. Ní 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, ní 2019 ni àwọn ará ibẹ̀ dìbò, tí Bangsamoro sì ní ìjọba tirẹ̀ láàárín Philippines. Wọn ò pín orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sulu, síbẹ̀ wọ́n dìbò pé àwọn ò bá wọn lọ. Ní 2024, kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kí wọ́n yọ Sulu kúrò. Ẹ̀tọ́ láti yàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ nínú.

Ibi tí mo dúró sí

Mo gbà pé kí wọ́n gba àwọn ìgbìmọ̀ yìí láàyè, ní Èkìtì, ní Ọ̀yọ́, ní Èkó. Àmọ́ kí tọkùnrin tobìnrin fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé àwọn gbà, kí wọ́n ti ka ohun tí oníkálùkù máa gbà àti ohun tó máa pàdánù sí wọn létí. Kí obìnrin tó mọ òfin náà wà lára àwọn tó ń dájọ́. Kí ọ̀nà kóòtù ìjọba ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ fi túláàsì mú, torí a mọ bí ẹbí ṣe ń fi ojú tini.

Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ló máa tẹ̀lé e: abala 36 nínú ìwé òfin sọ pé kò sẹ́ni tí wọ́n lè jẹ níyà ọ̀daràn àyàfi lábẹ́ òfin tí àwọn aṣòfin kọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ inú mọ́ṣáláṣí kò lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ní kí Àbújá jẹ́ kí Yorùbá pinnu ọ̀nà ara rẹ̀, kò yẹ kó bínú bí aládùúgbò rẹ̀ bá ní kí wọ́n jẹ́ kóun pín ogún bàbá òun bí ẹ̀sìn òun ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń múra nikáhì, kí aáfà tó so yín pọ̀, ẹ jókòó, ẹ bi ara yín léèrè òfin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣàkóso ilé yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ló yẹ kí opó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ.