Ṣé O Mọ̀ Nípa Àwọn Oníṣègùn Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Wọn Nígbà Àjálù?

Ṣé o mọ̀ pé ogun Biafra wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières? Àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kan yọ̀ǹda ara wọn fún Red Cross níbẹ̀, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí ebi ṣe ń pa àwọn ọmọdé. Ní 1971, díẹ̀ nínú wọn àtàwọn akọ̀ròyìn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Paris. Ní 1999, ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà.

Ṣé o mọ̀ pé àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh? Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹni tó gbé Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014 kúrò nílé ìwòsàn, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ wọn tó. Àrùn náà ló pa á lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ohun tó ṣe yẹn ló jẹ́ ká ráyè kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ kí àrùn náà tó ràn ká.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe lé Ebola kúrò ní Nàìjíríà? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wá èèyàn 894 tó ti fara kan aláìsàn rí. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, láti mọ̀ bóyá ara wọn ń gbóná. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bíi 18,500. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ṣé o mọ̀ pé kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn ìkéde yẹn tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì Nàìjíríà fi kọjá sí Làìbéríà àti Sierra Leone? Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló pè wọ́n, wọ́n sì kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó wọ baálù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará Kúbà 165 ti ṣáájú wọn dé Sierra Leone? Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, Félix Báez, kó Ebola. Wọ́n gbé e lọ sí Geneva, ara rẹ̀ yá, ó sì padà sí Sierra Leone ní oṣù Kíní 2015 lọ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé agbára káká lẹni tó wọ aṣọ tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ Ebola fi ń lò ju wákàtí kan lọ nínú rẹ̀? Òógùn á kún inú bùútù, awò ojú á di kùrukùru. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó wọlé sára épírọ́ọ̀nù, torí kò sẹ́ni tó lè rí ojú rẹ̀. Bíbọ́ ọ ló léwu jù: ẹnì kan á dúró tì í, á máa sọ ohun tó kàn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa fín omi kilorín sí i lára.

Ṣé o mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ tí kò létò lè di ìnira? Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní 2010, àwọn oníṣègùn ya wọ̀lú láìsí ẹni tó mọ iye wọn. Àwọn kan ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn, wọ́n sì lọ láìṣètò ẹni tó máa tọ́jú ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún irú àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí ìlànà náà ń béèrè? Ẹgbẹ́ tó kéré jù lára àwọn tó ń dúró lójú kan gbọ́dọ̀ lè wo aláìsàn 100 lóòjọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé omi, oúnjẹ àti jẹnẹrétọ̀ tiwọn dání, kí wọ́n má bàa bá àwọn tí àjálù bá du ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò ló máa ń yọ èèyàn tó pọ̀ jù jáde lábẹ́ àwókù ilé, kí baálù ilẹ̀ òkèèrè tó balẹ̀? Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tọ́jú wọn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bó o bá jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí apoògùn, má dúró dìgbà tí omíyalé bá dé. Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Red Cross tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ, gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àjẹsára, kí o sì bá àwọn ará ilé rẹ sọ bí nǹkan ṣe máa lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́.