Níbo Ni Ẹ Ti Pàdé? Ẹ Ka Ìbátan Yín Kí Ọjọ́ Yìgì Tó Dé

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹbí méjì kan wá sí mọ́ṣáláṣí wa láti mú ọjọ́ yìgì. Ọmọkùnrin náà níwà, ọmọbìnrin náà ti ka Kùránì parí. A ti ṣe àdúrà, a ti pín obì. Bí a ti fẹ́ dìde, ẹnì kan fi oríkì ilé ìyá rẹ̀ kí ìyá ìyàwó. Ìyá arúgbó kan, àbúrò ìyá bàbá ọkọ, sì gbọ́ ọ. Ó ní: "Ẹ dúró ná. Àna wa, ta ló bí ìyá yín?" Ìbéèrè kan bí òmíràn. Kí a tó kírun Alásárì, ó ti hàn pé ìyá tó bí bàbá ọkọ àti ìyá tó bí ìyá ìyàwó, ọbàkan ni wọ́n. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹkún ni ọmọbìnrin náà sun délé. Àdínì kò kọ̀ ọ́ fún wọn. Ẹ wo Súrátù Nísáì, ẹsẹ 23, níbi tí Ọlọ́run ti ka àwọn tí a kò gbọdọ̀ fẹ́: irú ìbátan yìí kò sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé ọmọ ẹbí kan náà kì í fẹ́ra, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì kò sì gbà. Yìgì náà kò so mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdún méjì ni àwọn ọmọ yìí ti ń bá ara wọn bọ̀, ilé ìyá arúgbó yẹn kò sì jìnnà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Báwo ni a ṣe ń ka ìbátan? Kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé "ẹ̀gbọ́n mi" àti "àbúrò mi", nítorí gbogbo agboolé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Oríkì orílẹ̀ nìkan kò sì tó ẹ̀rí. Ìlú púpọ̀ ni wọ́n ti ń ki ọmọ Oníkòyí. Ohun tí oríkì ń sọ ni pé kí a béèrè sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sísàlẹ̀, ẹ kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sókè, kí ẹ sì máa gòkè bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àwọn obìnrin gan-an. "Ìyá Ráfíù" kì í ṣe orúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ sì ka ìgbésẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì sí méjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́ta, bí ti àwọn ọmọ tiwa yìí, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ-ọmọ àbúrò ni wọ́n. Bí iye kò bá dọ́gba, ìran ẹnì kan ṣáájú ti ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ ni Abdullahi, ọmọ Abdul-Mutalibi, ọmọ Hashimu, ọmọ Abdu-Manafi, ọmọ Kusayi. Ìgbésẹ̀ 5 nìyẹn. Bàbá Kádíjà, ìyàwó rẹ̀, ni Kuwailidi, ọmọ Asadi, ọmọ Abdul-Uzza, ọmọ Kusayi. Ìgbésẹ̀ 4 nìyẹn. Kusayi ni wọ́n ti pàdé, ẹgbẹ́ Abdullahi sì ni Kádíjà nínú ìran. Fàtímọ̀ ọmọ wọn fẹ́ Alíù, ọmọ arákùnrin bàbá Ànábì. Ọ̀dọ̀ Abdul-Mutalibi ni àwọn náà ti pàdé: Alíù gba ìgbésẹ̀ 2, Fàtímọ̀ gba 3.

Ẹ̀yin ìyá, tiyín nìyí. Bí ẹ bá fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Ẹsẹ 23 yẹn náà ló ka ìyá tó fúnni lọ́mú àti arábìnrin inú ọmú mọ́ àwọn tí a kò gbọdọ̀ fẹ́. Ní ọ̀nà Imamu Maliki, ọmú díẹ̀ pàápàá tó, bí ọmọ náà kò bá tíì ju ọdún méjì lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà tí àwọn àgbà lè jókòó yanjú. Ọmú tí ẹ kò sọ lè mú kí arákùnrin fẹ́ arábìnrin láìmọ̀.

Ìwé yìí yóò wúlò ju ti yìgì lọ. Òun ni yóò sọ ẹni tó yẹ kí a bẹ̀ wò, ẹni tí a ó gbé sàráà fún, àti ẹni tí ogún tọ́ sí. Àwọn àgbà ní àrọ́bá ni baba ìtàn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń rọ́ ọ bá ti kú, ta ni a ó bi? Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé, ẹ mú ọmọ tó lè kọ̀wé dání, kí ẹ lọ jókòó ti ìyá àgbà ilé yín. Ẹ bi í pé: "Ìyá, ta ló bí yín?"