Ṣé bátìrì ló gbó ni, àbí Windows 11 ló ń fa iná?

Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ẹ bá ti bọ́ sí Windows 11, tí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká yín wá ń tètè tán, ẹ má tíì náwó sórí òmíràn.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà a máa ṣe ètò fáìlì lábẹ́lẹ̀, èyí tó ń fa iná.

Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ fi Design Capacity, iye iná tí bátìrì ń gbà ní tuntun, wé Full Charge Capacity, iye tó ń gbà báyìí. Bí iye kejì bá kéré jọjọ, bátìrì ló gbó. Bí wọn kò bá jìnnà síra, ẹ wo inú Settings fún áàpù tó ń fa iná jù.