Aáyù, Bismuth àti Kòkòrò Ọgbẹ́ Inú tí Oògùn Kò Ràn Mọ́

Ohun tí ó jẹ bébà yìí lógún ni ìtọ́jú tí ó ṣẹ́kù nígbà tí oògùn apakòkòrò kò bá ran Helicobacter pylori mọ́. Ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, ní 1982, ni Barry Marshall àti Robin Warren ti rí kòkòrò yìí sìn jáde láti inú àpòlúkù ènìyàn. Ṣáájú ìgbà náà, èrò ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé ìrònú àti ásíìdì ni ó ń dá ọgbẹ́ síni nínú. Ọ̀ràn náà kò sì mọ sórí ọgbẹ́: láti 1994 ni a ti ka kòkòrò yìí mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ àpòlúkù.

Ọgbọ́n tí ó ń dá ni pé ó ń sọ yúríà di amóníà, èyí tí ń pa agbára ásíìdì ní àyíká rẹ̀, kí ó tó wọ abẹ́ omi yíyọ̀ tí ó bo ògiri àpòlúkù. Oògùn kì í tètè dé ibẹ̀. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú rẹ̀ tí clarithromycin kò ràn mọ́ àwọn kòkòrò tí ó yẹ kí a tètè wá oògùn tuntun fún. Ní Nàìjíríà, metronidazole, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Flagyl, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà fúnra wọn bí inú bá ti ń ṣu wọ́n. Kòkòrò tí kò sí nínú ẹjọ́ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá kú ni ó ń bí sí i.

Àwọn kan wá yíjú sí aáyù. Lóòótọ́, omi aáyù ń pa kòkòrò náà nínú abọ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n abọ́ kì í ṣe ikùn. Nínú ìwádìí kan tí David Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, àwọn tí ó ní kòkòrò náà jẹ aáyù tútù àti ata mọ́ oúnjẹ. Àyẹ̀wò èémí kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Bismuth nìkan ni ó dín agbára kòkòrò náà kù.

Bismuth yìí, oògùn àtijọ́, ni ó tún di àgbà níbẹ̀. Wọ́n ń lò ó pọ̀ mọ́ omeprazole, tetracycline àti metronidazole fún ọjọ́ 14. Ohun ìyanu ni pé metronidazole tí kò ràn án tẹ́lẹ̀ ṣì máa ń ṣiṣẹ́ nínú àpapọ̀ yìí, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó. Ìnira rẹ̀ ni pé hóró oògùn náà pọ̀ lójúmọ́, inú sì lè máa rìn. Ẹni tí ó bá dá a dúró lágbede méjì ń fún kòkòrò náà láyè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán, ni kí wọ́n tó yẹ èémí aláìsàn wò, kí ó sì ti fi omeprazole sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, nítorí ó lè bo kòkòrò tí ó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀.