Ìtàkùn Tí Ń Di Iyanrìn Mú

Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí etí òkun lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: ìtàkùn tí ń fà nílẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, ewé rẹ̀ là sí méjì bí pátákò ewúrẹ́. Nítorí ewé yìí ni àwọn Faransé fi ń pè é ní ipomée pied-de-chèvre. Ìbátan ọ̀dùnkún ni. Iyọ̀ òkun kì í pa á; bí iyanrìn bá sì bò ó, oríkèé rẹ̀ a ta gbòǹgbò, a tún máa fà lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Kutọnu ní 1965, ògiri òkúta rẹ̀ kò jẹ́ kí iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kọjá bí ti àtẹ̀yìnwá; òkun sì ń jẹ ilẹ̀ tí ó wà ní ìlà oòrùn ìlú náà. Ìtàkùn kò lè dá òkun dúró, a kò ní purọ́. Iyanrìn tí atẹ́gùn ìbá gbá lọ ni ó ń dì mú. Síbẹ̀, bí a bá ń tún etí òkun ṣe fún àríyá, òun ni a kọ́kọ́ ń fà tu, a ní pàǹtí ni.