Ìpẹ̀yàrun Rwanda: Báwo ni àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe ń dá àwọn tó ń sẹ́ ẹ lóhùn?

Èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ní Kotobabi, nílùú Accra, kí fídíò kan yọ lójú fóònù rẹ̀ tó ń sọ pé kò sí ìpẹ̀yàrun kankan ní Rwanda lọ́dún 1994, pé ogun abẹ́lé lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ ogun Ghana wà ní Kigali nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, 1994 ni wọ́n já ọkọ̀ òfurufú Ààrẹ Juvénal Habyarimana lulẹ̀. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní èèyàn tó lé ní 800,000 ni wọ́n pa. Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn Hutu tó kọ̀ láti lọ́wọ́ sí i.

Kí ni àwọn ọmọ Ghana rí?

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ogun Belgium 10 àti ọmọ Ghana 5 ló ń ṣọ́ olórí ìjọba, Agathe Uwilingiyimana. Wọ́n pa obìnrin náà, wọ́n pa àwọn ará Belgium, wọ́n sì dá àwọn ọmọ Ghana sí. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláàbò ní kí àwọn ọmọ ogun àjọ náà dín kù sí 270, Ọ̀gágun Henry Anyidoho, ọmọ Ghana tó jẹ́ igbákejì Roméo Dallaire, kọ̀ láti kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé rẹ̀, Guns Over Kigali.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá

Ìwọ̀nba ló máa sọ pé ẹnikẹ́ni ò kú. Agbárí òkú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Ntarama, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Orúkọ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń yí padà: wọ́n ní inú ló bí aráàlú nítorí ikú Ààrẹ, tàbí pé tọ̀tún tòsì ló jọ para wọn. Tí gbogbo èèyàn bá ti jẹ̀bi, ta ló kù tó máa jẹ́jọ́?

Èyí ló fà á tí àwọn onímọ̀ ìtàn fi ń béèrè ẹni tó ti gbèrò rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, 1994, kí ọkọ̀ òfurufú náà tó já rárá, Dallaire ránṣẹ́ sí New York pé ẹnì kan ta òun lólobó pé wọ́n ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn Tutsi tó wà ní Kigali. Kofi Annan, ọmọ Ghana, ló ń darí ẹ̀ka tó gba iṣẹ́ náà, èsì tó sì jáde níbẹ̀ ni pé kó má lọ gba ohun ìjà kankan. Ipa Ghana nínú ìtàn yìí kì í ṣe ti akọni nìkan.

Alison Des Forges, onímọ̀ ìtàn ọmọ Amẹ́ríkà, tú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Butare àti Gikongoro wò fún ìwé tó jáde lọ́dún 1999. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí rédíò RTLM náà wà. Lọ́dún 1998, Jean Kambanda, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà ìpakúpa náà, fẹnu ara rẹ̀ gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ìpẹ̀yàrun. Nígbà tó di 2006, kóòtù yìí kan náà ní kò sí pé ẹnikẹ́ni tún ń mú ẹ̀rí wá pé ó ṣẹlẹ̀.

Ìwé Des Forges yẹn náà ka àwọn tí ọmọ ogun RPF pa, kò fi èyí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin ló le. Rwanda fi Victoire Ingabire, olórí ẹgbẹ́ alátakò, sẹ́wọ̀n ọdún 15 lọ́dún 2013, ara ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó fojú kéré ìpẹ̀yàrun náà. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 2018. Kóòtù lè pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni Des Forges fi dáhùn.

Ọmọ ogun Ghana tó jẹ́ ẹni ọdún 25 ní Kigali nígbà náà ti lé ní 55 báyìí.